Ẹni Tó Ń Jókòó Nídìí Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Àsíìsì kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹta tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ojú rẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó kọ ọmú, ó sùn, kò sì jí mọ́. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa á. Ṣéhù, bàbá rẹ̀, fi aṣọ funfun wé e, Àfáà ṣàdúrà, wọ́n sì sin ín sẹ́yìn ilé nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó kú lọ́dún méjì ṣáájú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ìyẹn lò láyé, ojú tirẹ̀ náà sì pọ́n bẹ́ẹ̀.

Wàsílátù, ìyá wọn, ò sunkún. Àwọn obìnrin tó wá kí i retí ẹkún títí, nígbà tí wọn ò rí i, inú bí wọn díẹ̀. Aránṣọ ni Wàsílátù, nílùú Ìlá Ọ̀ràngún. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ó ti padà sídìí maṣíìnì. Kò mọ nǹkan kan lára, àfi ọmú tó ń ro ó nígbà tí àkókò oúnjẹ ọmọ bá tó.

Lọ́jọ́ keje, ó fọ àwọn aṣọ Àsíìsì, ó lọ̀ wọ́n, ó kó wọn padà sínú àpótí páànù tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun fúnra rẹ̀ ló rán wọn nígbà oyún Bùṣírátù, àkọ́bí rẹ̀, tó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí tó sì ń bá àwọn ọkùnrin jà nílé kéwú. Bùṣírátù ló wọ̀ wọ́n ní tuntun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n wọnú àpótí, tí àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì sì wọ̀ wọ́n látibẹ̀. Aránṣọ kì í fi aṣọ sílẹ̀ fún aáyán, torí náà Wàsílátù máa ń fi wóró kánfọ̀ sáàárín wọn. Lẹ́yìn ikú àkọ́kọ́, ó fi kún un. Lẹ́yìn Àsíìsì, odidi ọ̀rá kan ló dà sí i, nítorí kò fẹ́ kí ohunkóhun tún fọwọ́ kan àwọn aṣọ náà.

Ìyábọ̀ ló gba yàrá iwájú ilé wọn. Irun ló ń dì, ọwọ́ rẹ̀ sì yá, ṣùgbọ́n kò yá tó ẹnu rẹ̀.

"Ìyá Bùṣírá, ta ló wẹ ọmọ tó kọ́kọ́ kú?"

"Ìyá ọkọ mi ni."

"Àsíìsì ńkọ́?"

"Àwọn náà ni. Àwọn ló ń wẹ gbogbo ọmọ wa."

"Wọ́n wẹ obìnrin, ó yè. Wọ́n wẹ ọkùnrin méjì, méjèèjì kú." Ìyábọ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó mọ ẹran tó fẹ́ràn nìyẹn."

Sàfúrátù, ìyá Ṣéhù, ni wọ́n ń bá wí. Opó ni, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìlú Iresi ló ti wá nígbà tí wọ́n bí Bùṣírátù, kò sì padà. Ìyábọ̀ ní ẹ̀rí méjì. Èkíní, bí wọ́n bá bímọ, ìyá yìí a kó aṣọ ọmọ jáde látinú àpótí, a sá wọn sóòrùn látàárọ̀ dọ̀sán kó tó wọ̀ wọ́n fọ́mọ. Àwọn ẹyẹ a sì máa bà lé okùn aṣọ náà. Ìyábọ̀ ní ṣe ló ń fi aṣọ han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè dá ọmọ mọ̀. Èkejì, láti ìgbà tí ọmọkùnrin àkọ́kọ́ ti kú, bó bá ti kírun àsùbáà tán, tí ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, a gbé àga kékeré kan lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹnu rẹ̀ a máa mì. Ìyábọ̀ ní ìpàdé ni.

Wàsílátù fojú ara rẹ̀ rí i. Ó jáde láti pọnmi ní ìdájí ọjọ́ kan, ó sì rí ẹ̀yìn ìyá náà àti ìborùn rẹ̀ nínú ìkùukùu. Ẹyẹ kan ń ké lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bí ẹsẹ̀ Wàsílátù ṣe ró, ẹyẹ náà dákẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mo jókòó ni."

Sàfúrátù gbé àga rẹ̀, ó wọlé. Wàsílátù wá ẹ̀rù nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà ló ti gba ọ̀rọ̀ Ìyábọ̀ gbọ́.

Nígbà tó tún lóyún, tí oyún náà pé oṣù méje, ó bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Awakọ̀ ni Ṣéhù, ọ̀nà Ọ̀tan àti Iresi ló ń ná. Ó ń jẹun lọ́wọ́.

"Bàbá Bùṣírá, mi ò fẹ́ kí Ìyá wẹ ọmọ yìí."

Ṣéhù fi òkèlè sílẹ̀. "Ìyá mi lo ń pè ní àjẹ́?"

"Mi ò pè wọ́n ní nǹkan kan. Mo ní mi ò fẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́."

"Ìyábọ̀ ló kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ yìí."

"Ọmọ méjì ló kọ́ mi."

Ṣéhù ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun náà ti rò ó rí, ojú ara rẹ̀ sì ń tì í. Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ìyá rẹ̀ sí iwájú mọ́tò, ó kó èrò mẹ́rin sẹ́yìn bí ìṣe rẹ̀, ó ní kí ìyá lọ sinmi díẹ̀ ní Iresi. Sàfúrátù tún ìborùn rẹ̀ dà bo orí. Ó gbé àga kékeré náà lé itan, ó yọjú lójú fèrèsé mọ́tò.

"Wàsílá, máa sá aṣọ ọmọ yẹn sóòrùn dáadáa. Òórùn rẹ̀ ti le jù."

"Ẹ ṣeun, Ìyá."

Bí mọ́tò ṣe lọ tán ni Ìyábọ̀ jáde. "Ṣó o gbọ́? Ó ń lọ, ọ̀rọ̀ aṣọ ló ṣì wà lẹ́nu ẹ̀. Má sá a o."

Wàsílátù ò sì sá a.

Ó bí ọkùnrin. Òun fúnra rẹ̀ ló wẹ̀ ẹ́, ó sì wọ aṣọ fún un tààrà látinú àpótí. Kò sẹ́ni tó jókòó nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò sẹ́ni tó fi aṣọ han ẹyẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ojú ọmọ náà pọ́n rúsúrúsú. Ti àwọn tó ṣáájú ò tètè bẹ̀rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ìyá wà ní Iresi," Ṣéhù sọ fún Ìyábọ̀. "Kí lo tún fẹ́ wí?"

"Ẹyẹ kì í kúkú wọ mọ́tò," Ìyábọ̀ dá a lóhùn.

Wàsílátù ò bá wọn jiyàn. Láti ojú fèrèsé, ó ń wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń wo ibi tí àyè kù sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàárè méjèèjì. Ó yẹ kí inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì mọ̀ pé ó yẹ, àmọ́ kò bàjẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pọn ọmọ, ó wọ ọ̀kadà lọ sí ilé ìlera. Kì í ṣe pé ó ní ìrètí kankan. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni, wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú káàdì.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Purity ló gba ọmọ náà. Bó ṣe tú ìborùn rẹ̀, ó dúró, ó fa imú.

"Kí ló ń rùn báyìí?"

"Kánfọ̀ ni."

"Ta ló kó kánfọ̀ sáṣọ ọmọ tuntun?"

"Èmi ni, nọ́ọ̀sì. Nítorí aáyán."

Purity gbé ọmọ náà lé tábìlì. Ó bọ́ aṣọ, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ kúrò lára ọmọ náà, ó jù wọ́n síta, ó sì fi ìborùn ara rẹ̀ wé e. Ó fi ìka tẹ imú ọmọ náà, ó wo àwọ̀ tó yọ níbẹ̀.

"Àwọn ọmọ kan wà, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ò lè fara da kánfọ̀," ó ní. "Ó ń ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ ni. Ṣé o ti bí irú èyí rí?"

"Méjì."

"Inú aṣọ yìí náà ni?"

"Inú aṣọ yìí náà ni."

"A máa ń sọ ọ́ fáwọn aláboyún o. A tiẹ̀ máa ń kọ ọ́ lórin."

"Mo máa ń pẹ́ dé. Oníbàárà máa ń dá mi dúró. Ìgbà tí mo bá dé, ẹ ti kọrin tán."

Wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ojú rẹ̀ mọ́, ó ń fa ọmú. Ṣéhù kírun ọpẹ́, ó sì jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ láì ṣáná sí i. Nígbà tí Ìyábọ̀ gbọ́, ó ní òun ò pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́, ìbéèrè lòun béèrè.

Wàsílátù dáná sun àwọn aṣọ náà. Ó ra tuntun, ó sá wọn sóòrùn ọjọ́ mẹ́ta, ó pọn ọmọ, ó sì wọ mọ́tò ọkọ rẹ̀ lọ sí Iresi. Ṣéhù ò lè wọlé. Ìta ló dúró sí, ó ń nu gíláàsì tó ti mọ́.

Sàfúrátù wà lórí àga kékeré rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Wàsílátù kúnlẹ̀.

"Ìyá, èmi ni mo pa wọ́n. Kánfọ̀ tí mo kó sínú àpótí ni. Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́."

Ìyá àgbà bó ẹ̀gúsí kan, ó tún bó òmíràn.

"Àwọn méjèèjì?"

"Àwọn méjèèjì."

Sàfúrátù gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún, ó gba ọmọ. Ó fi imú kan orí rẹ̀. "Kò rùn mọ́," ó ní. Ó gbé e lé itan, ó ń wò ó.

"O bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mò ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dá wà." Ó gbójú sókè. "Láti oṣù mẹ́ta tí mo ti wá síbí, ta ló ń jókòó tì wọ́n láàárọ̀?"

Wàsílátù tẹjú mọ́ èèpo ẹ̀gúsí tó wà nílẹ̀.

"Kò sẹ́nì kankan, Ìyá."

Ẹkún tí àwọn obìnrin Ìlá ti ń retí láti ọjọ́ Jímọ̀ yẹn wá dé, ó sì pọ̀. Ìyá àgbà ò ní kó dákẹ́. Ó dìde, ó gbé ọmọ lé èjìká, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé àga rẹ̀ nílẹ̀, ó kọjú sí mọ́tò Ṣéhù níta.