Oògùn Afẹ́fẹ́ Òkè

Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn kanta ní pápá ọkọ̀ òfuurufú tẹ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wo obìnrin tó dúró níwájú rẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó ní nọ́ńbà náà kò sí. Kì í ṣe pé wọ́n fagi lé e. Kò fìgbà kankan wà rí.

Obìnrin náà yíjú padà. Àwọn mẹ́wàá ló tò sẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn wọ bàtà òkè tuntun, gbogbo wọn gbé báàgì ńlá kọ́ ẹ̀yìn bí ìgbín ṣe ń gbé ìkarahun. Aago méje àárọ̀ ni. Ó sọ fún wọn pé kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é, torí iṣẹ́ tó ṣe fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì nìyẹn. Ìròyìn burúkú ti mọ́ ọn lẹ́nu.

Bàbá Rélùwéè, tó wa ọkọ̀ ojú irin títí agbára fi rẹ̀ ẹ́, pe Ọ̀gá Òkè, ọkùnrin tó ṣètò ìrìnàjò náà tó sì ní òun yóò kó páásípọ́ọ̀tù wọn pàdé wọn níbẹ̀, lórí fóònù. Fóònù náà kò wọlé. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tọkọtaya kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ mú àbá ìrìnàjò náà wá. Nọ́ọ̀sì jókòó lórí báàgì rẹ̀. Ó ń retí kí inú bí òun, inú kò bí i. Ó ń retí ẹkún, ẹkún kò wá. Ó rí bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀, tó ń fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò sì mọ̀.

Bó ṣe wà nìyẹn láti ọdún méjì tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Olùkọ́ ni ọkùnrin náà, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, odò àti òkè ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń sọ pé òun yóò gun òkè tó ga jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà, èyí tí yìnyín bò lórí bí oòrùn tilẹ̀ ń jó ẹsẹ̀ rẹ̀, pé bí òun bá sọ̀ kalẹ̀, òun yóò gba inú pápá ẹranko lọ, kí òun lè rí erin, àgùnfọn àti kìnnìún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti há wọn mọ́. Ó kọ ètò rẹ̀ sínú ìwé eléèpo búlúù kan: ọjọ́ mẹ́fà lórí òkè, ọjọ́ mẹ́rin nínú pápá, oṣù tí òjò kì í rọ̀, irú ìbọ̀sẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ bó. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé e lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan níwájú kíláàsì, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Ọmọ wọn obìnrin ló rí ìpolówó Ọ̀gá Òkè. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó lọ gun òkè náà fún bàbá òun. Nọ́ọ̀sì kò rí ìdí tí òun yóò fi kọ̀, kò sì rí ìdí tí òun yóò fi fẹ́. Ó lọ.

Ọ́fíìsì ọkùnrin náà wà lókè ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Máàpù bo ògiri kan; lára ògiri kejì, fọ́tò rẹ̀ wà níbi tó dúró nínú yìnyín tó na ọ̀pá sókè. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ní kì í ṣe òkè ló ń pa èèyàn, ìkánjú ni. Ẹni tó bá gòkè lọ́sàn-án gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó tó sùn, kí ara rẹ̀ lè mọ afẹ́fẹ́ tín-ín-rín ibẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi kọ́ wọn. Gbogbo Sátidé ló ń kó wọn lọ sí ilé alájà mẹ́wàá kan, tí wọ́n á máa fi àpò iyanrìn sẹ́yìn gun àtẹ̀gùn, tí òun á dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú aago lọ́wọ́, á ní, "Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀yin èèyàn mi." Ó gba páásípọ́ọ̀tù wọn pé òun fẹ́ gba físà. Ó gba owó. Ó yá ìwé búlúù náà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ó ní òun kò rí ètò tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n lọ, ó pín oògùn fún wọn nínú ọ̀rá kéékèèké. Oògùn afẹ́fẹ́ òkè ló pè é. Ó ní kì í jẹ́ kí orí fọ́ni, kì í sì í jẹ́ kí omi kún ẹ̀dọ̀fóró.

Láti pápá ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni wọ́n gbà lọ. Ìnsípẹ́kítọ̀ tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún jẹ́ obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kó Nọ́ọ̀sì àti Bàbá Rélùwéè sọ́kọ̀, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì náà. Ìṣó ló kù lára ògiri tí máàpù wà. Aránṣọ ìsàlẹ̀ ní ọkùnrin náà ti kó ẹrù jáde láti ìjẹta, ó ní òun ń lọ pa àgọ́ de àwọn èèyàn òun. Fọ́tò orí òkè nìkan ló gbàgbé sílẹ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ fi èékánná họ ọ́ níbi ọrùn, orí Ọ̀gá Òkè sì ṣí kúrò bí òǹtẹ̀ lára àpò ìwé. Orí òyìnbó kan tó nírùngbọ̀n pupa ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá Rélùwéè ní, "Èmi ni mo ń bọ ọkùnrin yìí lọ́wọ́ ní gbogbo Sátidé."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, Ìnsípẹ́kítọ̀ gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ló kàn gbẹ̀yìn.

"Kí ló kù lọ́wọ́ yín tó ti ọwọ́ rẹ̀ wá, mà?"

"Oògùn."

Ó gbé ọ̀rá náà sórí tábìlì. Òǹtẹ̀ ilé oògùn kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fẹ́ẹ̀ parẹ́ tán.

"Ẹ ti lò nínú rẹ̀?"

"Mo tọ́ ọ wò. Fítámíìnì ni. Èyí tó ń kan, tí à ń fún ọmọdé."

Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé bírò sílẹ̀. "Ìgbà wo lẹ tọ́ ọ wò?"

"Ọjọ́ tó fún mi."

"Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ mọ̀ pé ayédèrú ni, ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Mi ò sọ."

"Kí ló dé?"

Nọ́ọ̀sì rò ó. Kò tíì bi ara rẹ̀ rí. Ó ṣàlàyé, ní ohùn ẹni tó ń ka ìwé aláìsàn, pé nígbà tí kíkan náà dé orí ahọ́n òun, ohun tó wá sí òun lọ́kàn ni pé bí òun bá gòkè náà tí òun kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, kò burú. Ara òun nìkan lòun rò. Ojú àwọn mẹ́wàá yòókù kò wá sí òun lọ́kàn rárá.

Ìnsípẹ́kítọ̀ kò kọ èyí sílẹ̀. Ó mú ọ̀rá oògùn náà, ó ní, "Ẹ dìde, mà. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Ẹni tó ni ilé oògùn náà rántí rẹ̀ dáadáa. Ó ní oníbàárà gidi ni, pé ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn ló tún ra páálí kan, tó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun nípasẹ̀ bọ́ọ̀sì. Ó mú ìwé ẹrù jáde. Orúkọ ilé ìtura kan ló wà níbẹ̀, ní ìlú tó tó ìrìn ọkọ̀ wákàtí méjì. Wọ́n gbéra lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú kọ́ńsítébù kan. Nọ́ọ̀sì ló ń bá wọn lọ torí òun nìkan ló ráyè, òun ló sì lè dá ojú rẹ̀ mọ̀ láìṣì í.

Ilé alájà mẹ́sàn-án ni ilé ìtura náà. Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló jókòó nínú gbọ̀ngàn ìpàdé rẹ̀, ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń dúró de olùkọ́ wọn. Tíì tó wà lórí tábìlì iwájú ṣì ń rú èéfín.

"Ọ̀gá yín dà?" Ìnsípẹ́kítọ̀ béèrè.

Obìnrin kan ní ọ̀gá àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, pé ó yọjú lójú fèrèsé, ó sì ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún obìnrin náà pé olè ni, ó bínú. Ó ní ọkùnrin náà kì í ṣe irú èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹ wo bó ṣe mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó. Ó na ìwé ọwọ́ rẹ̀ sí wọn. Nọ́ọ̀sì wo ìwé náà, ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ dà kọ. Ìwé búlúù fúnra rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì. Ó ṣí i. Ọkọ rẹ̀ kò fi ọjọ́ ìsinmi kankan sínú ọjọ́ mẹ́fà orí òkè; ẹnìkan ti fi bírò pupa kọ ọ́ sí ọjọ́ kẹta. Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé àtúnṣe náà tọ̀nà. Ó pa ìwé náà dé, ó fi í sínú báàgì.

Kọ́ńsítébù sáré wọlé, ó ní ọkùnrin náà ti na pápá bora gba ilé ìdáná. Àwọn alásè ní ẹnikẹ́ni kò gba ọ̀dọ̀ àwọn kọjá. Ìnsípẹ́kítọ̀ wo ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná náà. Àtẹ̀gùn ni.

Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè. Kọ́ńsítébù dúró ti ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ní àjà kẹrin, Ìnsípẹ́kítọ̀ di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀, ó ní kí Nọ́ọ̀sì dúró, ọkùnrin náà lè mú ọ̀bẹ dání. Nọ́ọ̀sì kò dúró. Kò sáré, kò sì dẹ ẹsẹ̀. Ní àjà kẹfà, kò gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́ àyàfi tirẹ̀.

Àjà keje ló ti bá a. Ó jókòó sílẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti ògiri, ètè rẹ̀ ti dúdú, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n lọ, mà," ó ní. "Màá dá tiyín padà. Tiyín nìkan."

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀, ó tú bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀, ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ẹ dákẹ́. Mò ń kà á."

Ó kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ọkàn ọkùnrin náà ń fò, ó ń kọsẹ̀, ó ń dúró.

"Láti ìgbà wo ló ti ń ṣe yín?"

"Láti kékeré."

"Òkè mélòó lẹ ti gùn?"

Ó wo ilẹ̀. "Kò sí."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínú ọwọ́ Nọ́ọ̀sì, títí Ìnsípẹ́kítọ̀ fi gòkè dé pẹ̀lú ṣẹkẹṣẹkẹ.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò ní kú. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n mú un wá síwájú Ìnsípẹ́kítọ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

"Páásípọ́ọ̀tù dà?"

"Inú bọ́ọ̀tù mọ́tò mi. Lábẹ́ táyà."

"Mélòó?"

"Mẹ́rìnlélógójì."

"Ìlú mélòó?"

"Mẹ́rin."

"Olè tó fẹ́ gbowó sá lọ kì í fi oṣù mẹ́rin kọ́ni níṣẹ́. Kí lò ń wá?"

Ó ní ìdẹ ni ẹ̀kọ́ náà tẹ́lẹ̀. Gbogbo ohun tí òun mọ̀ nípa òkè, inú ìwé lòun ti kà á, látorí ibùsùn àìsàn. Ṣùgbọ́n bí Sátidé bá dé, tí àgbàlagbà ń pe òun lọ́gàá, òun náà á fẹ́ẹ̀ gbà pé wọ́n ń lọ. Ó ní òun máa ń béèrè iye tíkẹ́ẹ̀tì gidi, òun á wá rántí pé òun ti ná nínú owó náà.

"Oògùn ńkọ́? Tí wọ́n bá gbẹ́kẹ̀ lé e kú sórí òkè?"

"Òkè wo?" ó ní. "Mo mọ̀ pé wọn ò ní dé òkè kankan. Kò lè pa ẹnikẹ́ni lára."

Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ èyí fún Nọ́ọ̀sì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bóyá ó fẹ́ fi tù ú nínú. Nọ́ọ̀sì ní, "Òun mọ̀ pé a ò ní dé òkè. Èmi ò mọ̀."

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n pe àwọn mọ́kànlá láti wá gba páásípọ́ọ̀tù wọn. Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ fún wọn pé ọkùnrin náà ti jẹ́wọ́ tán, pé yóò fojú ba ilé ẹjọ́, pé wọ́n ti ti àkáǹtì rẹ̀ pa, ìdajì owó náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀. Ìyàwó tuntun fi páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ fẹ́ ojú, ó rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ sì gbá a mọ́ra.

Nọ́ọ̀sì dìde. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan. Ó sọ nípa oògùn náà, ọjọ́ tí òun tọ́ ọ wò, àti ìdí tí òun fi dákẹ́. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì fi ikú ọkọ rẹ̀ ṣe àwáwí.

Ìyàwó tuntun gbé báàgì rẹ̀, ó jáde láìkí i. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù jáde ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Rélùwéè nìkan ló kù. Ó wá jókòó sí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Nọ́ọ̀sì.

"Kò sẹ́ni tó bi yín," ó ní. "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi sọ ọ́?"

"Kẹ́ ẹ lè mọ irú ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá lọ."

Bàbá náà ń yí páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní òun ti wádìí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń múni lọ ní tòótọ́, pé wọ́n ní ọ́fíìsì, wọ́n sì ní ìwé àṣẹ, pé ó dọdún tó ń bọ̀ kí owó òun tó lè ká a. Orúnkún òun kò sì gbọdọ̀ sinmi títí dìgbà náà.

"Lọ́la Sátidé, èmi á wà níbi àtẹ̀gùn yẹn," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ wá. Àmọ́ èmi ni màá lọ ra oògùn o."

Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹ ibẹ̀ bí ẹni ń wá ojú ọgbẹ́. Ó dùn ún, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. Ó dùn ún gan-an ni.