Ínǹṣì Mẹ́rin Tí Téèpù Nìkan Mọ̀

Ṣòkòtò tó ya nídìí ló mú wọn pàdé. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí ètò ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkùnrin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan fi fáìlì bo ìdí, tó sáré kọjá títì wọ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tó dojú kọ ilé iṣẹ́ rédíò. Bó ṣe lanu báyìí ni aránṣọ dá ohùn rẹ̀ mọ̀.

"Háà! Ṣé ẹ̀yin ni Ẹnu-Ò-Sinmi? Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀ olórin tó kọ ọkọ sílẹ̀ àti òṣèré tó ra mọ́tò tuntun?"

"Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ṣòkòtò ná."

Obìnrin náà ń rán an, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn, ọkàn rẹ̀ sì lọ pátápátá. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, kò sí ọ̀sán tí kì í jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ náà.

Ìyá aránṣọ nìkan ni kò gbà kí wọ́n máa fẹ́ra. Ó ní, "Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ jẹun, ọjọ́ wo ló máa kan tiwa?"

Aránṣọ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ló jọ ń gbé, wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Oníbàárà wọn tó ga jù ni olórin kan tí tọmọdé tàgbà ń kọ orin rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, aránṣọ rọra sún mọ́ olólùfẹ́ rẹ̀.

"Àyànfẹ́, má sọ fẹ́nì kankan o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ínǹṣì mẹ́rin kún ìbàdí gáùn madam olórin. Ó jọ pé wọ́n ti lóyún."

"Ọkàn mi, ẹnu mi rèé," ó fi ìka pa ètè rẹ̀ dé.

Lọ́jọ́ kejì, ètò ò dùn. Ìròyìn òṣèré méjì tó ń jà lórí fọ́tò ti sú àwọn èèyàn, fóònù ò dún, ọ̀gá sì ń wò ó láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹnu-Ò-Sinmi ò kúkú sinmi.

"Ẹ gbọ́ o! Olórin wa kan, mi ò dárúkọ o, wọ́n ti fi ínǹṣì mẹ́rin kún ìbàdí gáùn ẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀!"

Fóònù dún títí ètò fi parí. Inú rẹ̀ dùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

Olórin náà gbọ́. Ta ló tún mọ ínǹṣì mẹ́rin, bí kò ṣe ibi tí wọ́n ti fi téèpù wọn òun? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ránṣẹ́ kó gbogbo aṣọ rẹ̀, àtèyí tí wọ́n gé àtèyí tí wọn ò gé.

"Àbúrò mi ni," aránṣọ ń sunkún. "Òun nìkan ló mọ̀. Òun àti ìwọ, ìwọ sì ṣèlérí fún mi."

Àsìkò tó yẹ kó sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹnu tí kì í sinmi wá rí ìsinmi.

Aránṣọ lé àbúrò rẹ̀ lọ sílé ìyá wọn. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú, ó kọjú sí ọkùnrin náà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò sọ ọ́." Ọkùnrin náà ní òun á bẹ̀ wọ́n. Ó tún bá a gbé àpótí rẹ̀ sínú mọ́tò.

Àpótí yẹn ni kò jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ojú ń tì í láti gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó bẹ aránṣọ pé kó tẹ̀ lé òun lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó jẹ́wọ́.

Aránṣọ ò pariwo. "Ìwọ lo gbé àpótí ẹ̀," ó ní.

Ìyá ló sọ̀rọ̀. "Orí rédíò lo ti sọ ọ́. Ibẹ̀ ni kó o ti lọ jẹ́wọ́."

Ó lọ. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ínǹṣì mẹ́rin ọjọ́sí, mo jí i ni, lọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán mi. Wọ́n di ẹ̀bi ru àbúrò ẹ̀, mo sì ń wò wọ́n. Mo bẹ olórin náà. Mo bẹ àwọn méjèèjì." Ọjọ́ yẹn náà ni ọ̀gá gba ètò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó máa ka ìkéde ohun tó sọnù.

Àbúrò padà sí ṣọ́ọ̀bù, olórin ò padà. Odindi oṣù méjì, ọkùnrin náà ò lè sọdá títì yẹn. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àbúrò wá bá a: "Ẹ̀gbọ́n mi ní kẹ́ ẹ wá."

Téèpù wà lọ́rùn aránṣọ. "Na ọwọ́ ẹ."

Ó wọn èjìká, ó wọn àyà, ó wọn ìbàdí.

"Aṣọ kí ni?"

"Ti ìgbéyàwó. Mọ́mì ní ẹni tó lè tú àṣírí ara ẹ̀ lójú gbogbo ayé, ká gbìyànjú ẹ̀ wò."

"Oníbàárà yín yẹn ńkọ́? Mo ba iṣẹ́ yín jẹ́."

"O bà á jẹ́. Mi ò sì tíì gbàgbé. Dúró dáadáa."

Ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, ó wá gbójú sókè wò ó. Ìbéèrè dé orí ahọ́n ọkùnrin náà: ínǹṣì mélòó ni? Ó gbé e mì.

Obìnrin náà dúró títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ló bá gbé ọwọ́ kúrò lórí ìwé náà kó lè kà á.