Olófòófó Orí Kẹ̀kẹ́

"Má fọwọ́ kàn án!" Àǹtí Kẹ́míìsì gbá ọwọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kúrò lára kẹ̀kẹ́. "Ohun ẹlẹgẹ́ ni."

Ẹ̀yìn ilé oògùn ni wọ́n wà, níbi tí wọ́n máa ń kó páálí òfìfo sí. Ohun tí àǹtí náà ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. Ó dúdú, ó ní ojú dígí, nígbà tó sì tàn, ó dún "tí-ìn" bí ẹni tó fẹ́ rán èèyàn níṣẹ́. Kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, ó mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ wà, ó mọ bó ṣe ń sáré tó, ó mọ iye ìṣẹ́jú tó fi dúró, gbogbo rẹ̀ ló sì ń rò fún fóònù Àǹtí Kẹ́míìsì. Ẹ gbọ́ ná. Nǹkan tí ò lẹ́sẹ̀, tí ò fi agbára ara ẹ̀ rìn rí, òun ló wá fẹ́ máa ròyìn ẹlẹ́sẹ̀! Ojú ẹsẹ̀ ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ kórìíra ẹ̀, èmi ò sì dá a lẹ́bi.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Tó bá ti iléèwé dé, ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ gbé oògùn lọ fún àwọn aláìsàn tí kò lè wá fúnra wọn. Àǹtí Kẹ́míìsì tó jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀ ti ṣèlérí pé tó bá ṣe é dáadáa títí dìgbà ìsinmi, òun á mú un wọ inú ilé oògùn, òun á sì kọ́ ọ níṣẹ́. Aṣọ funfun kan wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti wọ̀ ọ́ wò nígbà tí kò sẹ́ni tó ń wò ó. Kò sóhun tó ń wù ú láyé tó aṣọ yẹn.

"Fóònù ẹ dà? Gbé e wá," ni àǹtí rẹ̀ wí. "Ẹ̀rọ yìí ti tó. Fóònù ló ń jẹ́ kó o máa dúró rojọ́ lójú ọ̀nà."

"Mi ò kì í dúró rojọ́, mà."

"A máa rí i."

Lọ́jọ́ kejì, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ò tíì sọ báàgì iléèwé kalẹ̀ tí àǹtí rẹ̀ fi na fóònù sí i lójú.

"Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá! Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá gbáko lo fi dúró lánàá! Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Níbo, mà?"

"Lọ́nà ilé Bàbá Káfíńtà. Wò ó, ẹ̀rọ kọ ọ́ síbí. Dúró!"

"Òkè nìyẹn, Àǹtí. Kò ṣeé gùn. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ ni, màá wá máa ti kẹ̀kẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Àpáta ni gbogbo ẹ̀, àgbàrá sì ti..."

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Ẹ̀rọ tó ń ti ojú ọ̀run wo ilẹ̀ lo fẹ́ pa irọ́ fún? Ọ̀lẹ!"

Òótọ́ pọ́ńbélé lọmọ náà sọ. Àgbàrá ti wa ọ̀nà òkè yẹn jẹ. Mọ́tò ò gùn ún, alùpùpù ò gùn ún. Ẹni tó bá ń ti kẹ̀kẹ́ níbẹ̀, ìrìn ìgbín ló máa rìn, ẹ̀rọ ò sì ka ìrìn ìgbín sí ìrìn. Àmọ́ Àǹtí Kẹ́míìsì ò débẹ̀ rí. Ìdí káńtà ló ti ń rí ayé. Ọ̀rọ̀ "ọ̀lẹ" yẹn sì dun Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wọ akínyẹmí ara.

Lọ́jọ́ kẹta, ó di ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Iwájú àwọn oníbàárà ni àǹtí rẹ̀ ti fi ariwo bọnu. "Ó tún ń pọ̀ sí i! Tí mo bá tún rí irú ẹ̀, màá wá ẹlòmíì. Kó o sì gbàgbé aṣọ funfun yẹn."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé oògùn, ó jáde.

Ìsàlẹ̀ òkè náà ni pápá ìṣeré wà. Adúmáadán, ọ̀rẹ́ rẹ̀, máa ń gun kẹ̀kẹ́ yí pápá náà ká lójoojúmọ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ tú ẹ̀rọ náà, ó nà án sí i.

"Dè é mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹ. Máa gbé e yí pápá ká títí màá fi sọ̀ kalẹ̀. Má dúró o."

Adúmáadán wò ó tìyanutìyanu. "Tí àǹtí ẹ bá rí i lórí máàpù ńkọ́?"

"Iye ìṣẹ́jú nìkan ló ń wò. Ṣé ó mọ̀kè ni?"

"Ṣé kò ní dáa kó o kúkú ní kí wọ́n wá fojú ara wọn wo òkè yìí?"

"Kí n tún máa bẹ̀ ẹ́? Láéláé! Mo sọ òótọ́, ó bú mi. Irọ́ ló fẹ́, irọ́ ni màá fún un."

Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́ jù. Nígbà tí Pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé ilé oògùn lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀rín ló bo ojú àǹtí rẹ̀.

"Kò dúró rárá! Ẹ wá wò ó," ó ń na fóònù sí ọkùnrin kan tó wá ra oògùn ikọ́. "Ọmọ tí mo pè lọ́lẹ níjẹta! Ṣé ẹ rí i pé ẹ̀rọ dáa?"

Bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan di fóònù mú, ọwọ́ kejì ń ki oògùn sínú àpò bébà méjì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá Káfíńtà lọ̀kan. Èkejì jẹ́ ti ìyá kan tó ní àtọ̀gbẹ, tó fẹ́ wá gba tirẹ̀ tó bá yá. Ojú Àǹtí Kẹ́míìsì ò kúrò lára fóònù. Ìyìn náà korò lẹ́nu Pẹ́lẹ́ńgẹ́ bí ewúro, àmọ́ ó dúpẹ́, ó gba àpò kan, ó lọ. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀ òkè, ó tún fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún Adúmáadán.

Bàbá Káfíńtà ń dá gbé nínú ilé rẹ̀ lórí òkè. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ò sì ríran dáadáa mọ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló máa ń bá a tú oògùn, tó máa ń bu omi fún un. Bàbá náà gbé oògùn sún mọ́ ojú.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ti yí i padà ni? Èyí kéré sí tàná."

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ wò ó. Lóòótọ́, ó kéré. Ká ní fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ì bá béèrè. Ó lè sọ̀ kalẹ̀ lọ béèrè, àmọ́ Adúmáadán ń yí pápá ká, ó sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè parí kí àṣírí má baà tú.

"Ilé iṣẹ́ mìíràn ló máa ṣe é, Bàbá. Ẹ gbé e mì."

Bàbá gbé e mì. Kò tíì jẹun látàárọ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ sáré fọ àwo fún un, ó gbálẹ̀, ó sì ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ wá sísàlẹ̀.

Àǹtí Kẹ́míìsì ló rí tó dúró sí etí pápá. Ó di apá Adúmáadán mú, ọmọ yẹn sì ń sunkún.

"Àpò oògùn dà?" ni àǹtí rẹ̀ bi í.

"Mo ti fún wọn, mà."

"Nígbà wo? Mo rí i pé oògùn Bàbá ló kù lọ́wọ́ mi, mo wo fóònù, fóònù ní ìsàlẹ̀ òkè lo ṣì wà! Mo ní a dúpẹ́, kò tíì débẹ̀. Mo dá gbogbo oníbàárà lóhùn tán kí n tó tilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ ẹ wá ń sọ fún mi pé ọwọ́ òun ni ẹ̀rọ wà!" Ohùn rẹ̀ já. "Ṣé Bàbá ti lò ó?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e mì."

"Yéè! Oògùn àtọ̀gbẹ ni! Ó máa já ṣúgà ara wọn wálẹ̀!"

Wọ́n kọrí sókè. Kò sí ohun ìrìnnà tó lè gbé wọn. Àǹtí Kẹ́míìsì bọ́ bàtà, ó ń fi ọwọ́ di àpáta mú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ń fà á lápá, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lọ́wọ́ àǹtí náà. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì òkè, tí òógùn bo ojú àwọn méjèèjì, ẹ̀rọ dún "tí-ìn." Àǹtí Kẹ́míìsì wo ojú rẹ̀. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ náà wò ó. *Dúró* ni ẹ̀rọ kọ.

Wọn ò dúró o. Ẹ̀mí ń bọ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀rọ burúkú náà ní wọ́n dúró. Àǹtí Kẹ́míìsì ki ẹ̀rọ sápò, ó sì ń gòkè lọ.

Ilẹ̀ ni wọ́n bá Bàbá Káfíńtà, òógùn ti rin aṣọ rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló fi ń pe Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Àǹtí Kẹ́míìsì po ṣúgà mọ́ omi, ó ń fún un díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló gbé orí bàbá náà lé itan, ó ń sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú, ẹ jọ̀ọ́." Ó pẹ́ kí ojú Bàbá tó wálẹ̀. Àwọn aládùúgbò yọ ilẹ̀kùn kan tí Bàbá fúnra rẹ̀ kàn, orí rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ ẹ sí tí wọ́n fi gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ kẹta ni wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Ọjọ́ yẹn ni Àǹtí Kẹ́míìsì tó pe Pẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó.

"Èmi ni mo ki oògùn sínú àpò tí kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún Bàbá, mo sì ti bẹ̀ wọ́n. Mo pè ọ́ lọ́lẹ láìdé ibi tí ò ń dé. Má bínú." Kò rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ aṣọ funfun yẹn, kì í ṣe ti ìsinmi yìí. Bàbá sọ fún mi pé àwọn bi ọ́ ìdí tí oògùn fi kéré. Ẹni tó bá rí i pé oògùn yàtọ̀, tí ò béèrè nítorí irọ́ tó fẹ́ bò mọ́lẹ̀, kò tíì lè dúró nídìí oògùn."

Ó dun Pẹ́lẹ́ńgẹ́ gan-an, àmọ́ kò jiyàn. "Mo gbọ́, mà," ló wí. "Ọwọ́ mi ni mo fi fún wọn."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ òótọ́ tí wọn ò gbà yín gbọ́, ẹ tún un sọ. Ẹ fa onítọ̀hún lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹ má torí pé wọ́n ṣe yín níbi kẹ́ ẹ wá fi irọ́ gbẹ̀san, torí ẹni tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni irọ́ yẹn máa lọ bá lórí òkè.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí kẹ̀kẹ́, Pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣì kórìíra rẹ̀. Àmọ́ kì í tú u mọ́ tó bá dé ìsàlẹ̀ òkè. Á máa ti kẹ̀kẹ́ lọ, ẹ̀rọ á máa kọ ọ́ pé ó dúró. Tó bá délé Bàbá Káfíńtà, á gbé oògùn síwájú ojú, á ka orúkọ rẹ̀ sókè, á tún un kà. Ìgbà yẹn ló tó máa bu omi.