Iná Tó Wà Lára Amumi

Gílóòbù kékeré inú tẹ́sítà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iná wà lára nǹkan, tàn. Ẹnjiníà yára gbé e kúrò lára ọ̀pá irin, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu irin náà dáadáa, ó sì tún gbé tẹ́sítà lé e. Ó tún tàn. Àyà rẹ̀ já.

Ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ló wà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, òun nìkan. Kì í ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀ ni Ẹnjiníà o. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ ọmọbìnrin náà bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó tú rédíò olùkọ́ wọn palẹ̀, tó tún un tò, tí nọ́ọ̀tì mẹ́ta ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, tí rédíò náà sì ń fọhùn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ohun tó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ yìí ju rédíò lọ. Nítorí ìyá rẹ̀ ló fi ṣe é. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni ìyá náà ń ṣe ní ọsibítù tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wọn. Lójoojúmọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń fi àkísà fa omi kúrò nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò lópin, tí á fún àkísà, tí á tún fà á. Bó bá délé, á kọ́kọ́ fara ti ògiri fúngbà díẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó gbà fún un láti jókòó. Lóṣù tó kọjá, bàbá arúgbó kan yọ̀ ṣubú nínú omi tí kò tíì gbẹ, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Mátírọ́ọ̀nù sọ gbangba pé bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí ìyá náà yáa wá iṣẹ́ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ẹnjiníà gbọ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán sínú ìwé. Ó so rọ́bà pẹlẹbẹ méjì mọ́ ìdí ọ̀pá irin, bí ètè òkè àti ètè ìsàlẹ̀, ó fi àlàfo tín-ín-rín sáàárín wọn. Páìpù gba inú àlàfo yẹn lọ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí, mọ́tò tó yọ lára ẹ̀rọ agbálẹ̀ kan tó ti bàjẹ́ sì wà lórí ìdérí náà. Bí mọ́tò bá ti ń fa afẹ́fẹ́, rọ́bà á wọ́ omi jọ, páìpù á gbé e mì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló tò ó. Nígbà àkọ́kọ́, rọ́bà le jù, omi ń sá gba abẹ́ rẹ̀. Nígbà kẹta, àlàfo fẹ̀ jù, ẹ̀rọ ń hó lásán, kò fa nǹkan kan. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ó fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ó pariwo débi pé ìyá àgbà, tó bí ìyá rẹ̀, fi ìdí ìró lé apá sá jáde. Amumi ló sọ ọ́, torí pé ó ń mu omi.

Ẹyọ nǹkan kan ló kù. Wáyà tó lọ síbi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ náà gba inú ọ̀pá irin kọjá.

“Igi ni kí o fi ṣe ọ̀pá yẹn,” Bàbá Onífáànù ti kìlọ̀ fún un. Bàbá yìí ló ń tún fáànù ṣe ní ìkóríta, òun ló sì kọ́ Ẹnjiníà bí wọ́n ṣe ń so wáyà. “Irin, omi, kí wáyà tún wà nínú ẹ̀? Háà! Iná ò mọ ojú o, ọmọ yìí. Gba tẹ́sítà mi. Fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá tàn, gbé gbogbo ẹ̀ wá, ká jọ tú u.”

Ó ti wá tàn báyìí. Ọjọ́ Mọ́ńdè sì ni ìdíje iṣẹ́ ọwọ́ ní ilé ìwé wọn. Ẹni tó bá gbégbá orókè á lọ lo ọlidé nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ. Kó yọ ọ̀pá irin, kó wá igi tó tọ́, kó gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, kó tún gbogbo wáyà so, ṣé ọjọ́ méjì tó o?

Ibi tó ti ń rò ó ni Ẹnudùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti wọlé. Ẹ ò ní béèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

“Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?”

“Iná wà lára irin ẹ̀. Bí mo bá dì í mú, ó ń ta mí lọ́wọ́ ṣín-ín-ṣín-ín.”

Ẹnudùn wo bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ náà, ó na ìka kan, ó fi kan irin. “Èyí náà ni? Èèrà ń ta èèyàn jù báyìí lọ! Wé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n á ti dì í mú, ó parí. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré làwọn adájọ́ máa fi wò ó. Tó o bá tú u, tí kò wá ṣiṣẹ́ mọ́ ńkọ́? Gbogbo ilé ìwé ló ti gbọ́ nípa ẹ̀. Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ títí a ó fi ṣe ìdánwò jáde.”

Ẹnjiníà mọ̀ pé kò dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó mọ̀. Síbẹ̀ ó wé rọ́bà náà, ó wé e dáadáa, ó fi okùn dì í, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé tí Mọ́ńdè bá ti kọjá, òun á fi igi pààrọ̀ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó dá tẹ́sítà padà.

“Ṣé ó tàn?” Bàbá Onífáànù béèrè, ojú rẹ̀ wà lára fáànù tó ń tú.

“Kò tàn, sà.”

“Ó dáa. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ mọ́.”

Ẹyin lohùn, bó bá ti já bọ́, kò ṣeé kó jọ mọ́. Láti ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba Ẹnjiníà. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gba ẹ̀gbẹ́ Amumi kọjá, ara rẹ̀ á bù máṣọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó lọ pọn omi. Nígbà tó padà dé, kò bá Amumi níbi tó gbé e sí. Omi tó wà lórí rẹ̀ ya bàrà sílẹ̀.

“Ìyá àgbà, ẹ̀rọ mi dà?”

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ní àṣírí. “Ìyá rẹ ti gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ó ní kí mátírọ́ọ̀nù wá fojú ara ẹ̀ rí i kí àwọn adájọ́ yín tó rí i. Ó ní kí n má sọ fún ọ o. Kí ló tún ń gbọ̀n ọ́?”

Garawa omi bọ́ lórí Ẹnjiníà. “Ṣé wọ́n wọ bàtà?”

“Bàtà kẹ̀? Ìgbà wo ni ìyá rẹ wọ bàtà fọlẹ̀ rí? Ó ní ọṣẹ máa ń mú kí bàtà yọ̀. Ẹsẹ̀ lásán ló fi ń ṣe é látọjọ́ tó ti débẹ̀.”

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé Ẹnjiníà pátápátá, otútù sì mú un láàárín oòrùn. Ní gbogbo ìgbà tó ń dán Amumi wò, bàtà rọ́bà tó nípọn ló wọ̀. Ẹnudùn náà wọ bàtà rọ́bà. Bàtà yẹn ló ń dáàbò bò wọ́n tí iná fi ń ta wọ́n bí èèrà. Ìyá rẹ̀ á dúró nínú omi ọṣẹ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán.

Ó já fóònù gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó pe ìyá rẹ̀. Fóònù náà dún nínú yàrá, lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ó sáré. Kò kí ẹnikẹ́ni lọ́nà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é, kò dáhùn. Nǹkan kan ń sọ nínú rẹ̀ pé ó ti pẹ́ jù, pé bóyá wọ́n ti ń gbé e. Ó ń bẹ Ọlọ́run, ó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ oríṣiríṣi, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì yá tó.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dá a dúró. “Àsìkò ìbẹ̀wò kò tíì tó. Padà wá ní aago mẹ́wàá.”

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ìyá mi…”

“Gbogbo yín lẹ ní ìyá níbí. Aago mẹ́wàá.”

“Ẹ̀rọ tí mo ṣe ni wọ́n ń lò!” Ẹnjiníà figbe ta. “Iná wà lára ẹ̀! Mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, mi ò sọ! Ó máa pa wọ́n!”

Ẹ̀ṣọ́ náà wo ojú rẹ̀, ó ṣí géètì fún un.

Ó ti ń gbọ́ ariwo mọ́tò kó tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Ó yà síbẹ̀, ó rí wọn. Nọ́ọ̀sì méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mátírọ́ọ̀nù ká apá mọ́yà, ó ń mi orí bí ẹni tí nǹkan wù. Ìyá rẹ̀ wà láàárín omi ọṣẹ, ó kó ìró sókè dé orúnkún, ẹsẹ̀ lásán ló fi dúró. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí rọ́bà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà kò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ rí.

“Màámi, ẹ má fọwọ́ kan irin!”

Ariwo mọ́tò gbé ohùn rẹ̀ mì. Ìyá náà fẹ́ gbé Amumi sókè kí mátírọ́ọ̀nù lè rí abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò lórí rọ́bà, ó lọ sísàlẹ̀, ó di irin mú.

Kò lè jù ú sílẹ̀ mọ́. Gbogbo ara rẹ̀ le gbagidi, ẹnu rẹ̀ là, ohùn kò jáde. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì náà sáré fẹ́ fà á.

“Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n!” Ẹnjiníà ti kọjá lára rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri dé ibi tí wọ́n ki wáyà bọ̀, ó fà á yọ. Mọ́tò dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ṣubú lulẹ̀ gbì.

Dókítà dé. Wọ́n tẹ́ ìyá náà síbi gbígbẹ, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ láyà. Ẹnjiníà kúnlẹ̀ sínú omi, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀ tó ti ṣú, kò lè sunkún. Ẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ nígbà yẹn, kò sí ẹni tó yẹ kó mọ irú rẹ̀. Nígbà tó yá, ìyá náà wúkọ́. Ó tún wúkọ́. Dókítà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí ara rẹ̀, ó ní, “Ó ti dé.”

Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ìyá náà jóná. Wọ́n ní á lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó lè fi di nǹkan mú.

Lọ́sàn-án, mátírọ́ọ̀nù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní jàǹbá ni, iná ò ṣeé fọkàn tán. Ìyá náà sì fi ohùn wẹ́lẹ́ sọ pé, “Èmi ni mo gbé e láìtọrọ. Ẹ má dá ọmọdé lẹ́bi.”

Ọ̀nà àbáyọ ti là sílẹ̀ fún Ẹnjiníà. Bó bá dákẹ́, ó parí. Ó dúró títí mátírọ́ọ̀nù fi jáde, ó wá kúnlẹ̀.

“Màámi, mo mọ̀. Tẹ́sítà tàn lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo wé rọ́bà bò ó, mo wá parọ́ fún Bàbá Onífáànù pé kò tàn.”

Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú sí ògiri.

Bàbá Onífáànù náà kò bú u nígbà tó lọ jẹ́wọ́. Ó kàn sọ pé, “Ó yẹ kí n fẹsẹ̀ ara mi wá wò ó,” ó sì jókòó láìṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹnjiníà ìbá fẹ́ kó na òun. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó dìde lójú gbogbo ilé ìwé, ó sọ ìdí tí òun kò fi ní ẹ̀rọ kankan láti gbé kalẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnudùn ní ìjókòó ẹ̀yìn ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, “Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ o.”

Ẹnjiníà bẹ mátírọ́ọ̀nù kó jẹ́ kí òun máa fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, kí wọ́n má baà fi ẹlòmíràn rọ́pò ìyá òun. Àkísà àti garawa ni wọ́n fún un. Ní ọjọ́ kìíní, kò lè nà ró mọ́. Bó bá parí, á lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, á fi ṣíbí bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, ìyá náà á jẹun, kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù mìíràn ti wá wọ ọmọ náà lára, pé bóyá ìyá òun kò ní bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá náà gbé ṣíbí kúrò lẹ́nu.

“Ìgbà wo ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà ọ́?”

“Ọjọ́ Jímọ̀, mà. Kí n tó wé rọ́bà mọ́ ọn.”

“O wá pa á mọ́ra.”

“Ojú ló ń tì mí, Màámi. Mo rò pé wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín.”

Ìyá náà ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Àwọn àgbà máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n èmi ti fi ọwọ́ mi yìí di ikú mú, mo sì ń sọ fún ọ pé ẹ̀sín yá jù ú lọ fíìfíì. Nígbàkigbà tí ẹ̀rù bá bà ọ́ nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, pariwo. Kí gbogbo ayé gbọ́, kí wọ́n fi wá rẹ́rìn-ín, ká jọ wọlé lọ sunkún. Ojú tó tì máa ń là. Ẹni tó bá kú kì í dìde.”

Ẹnjiníà bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ òsì, èyí tí iná kò jó, ó fi fà á mọ́ra, wọ́n sì sunkún náà níbẹ̀.