Ohun Tí “A Dúpẹ́” Bò Mọ́lẹ̀

“Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé àlàáfíà lẹ jí?”

“A dúpẹ́, ọma mi. Wọlé.”

“Ara ńkọ́?”

“A dúpẹ́.”

“Ẹ̀ ń lo oògùn yín?”

“Olúwa ṣeun.”

Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń kí ara wọn ní Ìfẹ̀wàrà. Opó ni Màmá Susannah, ó ń dá gbé. Bọ̀wálé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ní Kánò. Àtọ̀gbẹ ń bá màmá fínra, ó sì ti pẹ́.

Kàósárà ló ń wá wò ó. Ọmọ Òṣogbo ni, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn àgbà tí kò ní ẹni lọ́dọ̀. Òkè-Fìà, ní Òṣogbo níbẹ̀, ni ọ́fíìsì wọn wà. Yóò wọ mọ́tò dé Iléṣà, yóò tún gun ọ̀kadà.

Bó bá dé, màmá a ti jókòó dè é, ìró rẹ̀ a bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ilẹ̀.

“Màmá, ẹ̀ ń ta sánsán lónìí o. Ta lẹ̀ ń retí?”

“Ìwọ ni. Ọkọ mi ti kú, ta ni ǹ bá tún fín lọ́fínńdà fún?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kàósárà jẹ ẹ̀pà tí màmá yan dè é. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ kòkó. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó kọ ọ́ sínú fáìlì: “Màmá wà ní àlàáfíà. Wọ́n dúpẹ́.”

Ní ìparí oṣù, Alhájà Ràṣídátù, ọ̀gá wọn ní ọ́fíìsì, a máa mú fáìlì díẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a sì kà wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn: kí ó wò ó bóyá ohun tí òṣìṣẹ́ kọ bá ìtọ́jú tí àgbà náà ń gbà mu. Àwọn òṣìṣẹ́ kò fẹ́ràn ọjọ́ náà. Kàósárà kò bẹ̀rù. Ìwé rẹ̀ mọ́ ju ti gbogbo wọn lọ.

Alhájà pè é.

“Jókòó. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára. Ọjọ́ pé, ìbuwọ́lù pé.”

“Ẹ ṣé, mà.”

“Ṣùgbọ́n n kò rí màmá nínú rẹ̀.”

“Mà?”

“Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n dúpẹ́. Kí lo máa ń bi wọ́n?”

“Mo máa ń ní ṣé àlàáfíà ni.”

“Ta lo ti bi bẹ́ẹ̀ rí tó ní rárá?”

Kàósárà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò jáde.

“Bí ilé ń jó, tí o kí Yorùbá lẹ́nu ọ̀nà,” Alhájà wí, “a dúpẹ́ ni yóò kọ́kọ́ wí, kó tó ní kí o bu omi wá. Ìkíni ni. Kì í ṣe ìdáhùn.”

“Ohun tí wọ́n wí ni mo kọ, mà.”

“Mo mọ̀. N kò pè ọ́ láti bá ọ jà. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dá ọ dúró lọ́la, tí Akeem, ẹlẹgbẹ́ rẹ, lọ dípò rẹ, kí ni fáìlì yìí yóò sọ fún un? Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, a máa ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà wo lo wo ẹsẹ̀ wọn gbẹ̀yìn?”

Kàósárà ṣí fáìlì náà láti wá a.

“Bí o bá ń lọ, ṣé wọ́n máa ń sìn ọ́?”

“Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sìn mí dé ìdí ọ̀kadà.” Ó ronú. “Ó ti ṣe díẹ̀ tí wọn ò sìn mí mọ́. Orí àga ni wọ́n ti máa ń juwọ́ sí mi.”

“O kọ ìyẹn?”

“Rárá, mà.”

Alhájà pa fáìlì dé. “Lọ lọ́la. Béèrè ohun tí ojú lè rí.”

Lọ́jọ́ kejì, Kàósárà kí màmá tán, kò béèrè àlàáfíà mọ́.

“Màmá, kí lẹ jẹ lánàá?”

“Ìwọ ọmọ yìí, ìdánwò lo fẹ́ ṣe fún mi ni?”

“Ẹ ṣáà sọ fún mi.”

“Gààrí.”

“Lónìí ńkọ́?”

“N kò tíì dé ìdí ààrò.”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ dé ẹ̀yìnkùlé, kí n wo ata yín.”

Màmá wo ilẹ̀. “Òòrùn ti mú.”

“Òòrùn wo? Kùrukùru ṣì wà lórí òkè!”

Màmá tún fa ìró rẹ̀ bo ẹsẹ̀. Kàósárà kúnlẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n wo ẹsẹ̀ yín.”

“Fi í sílẹ̀. Ó ń rùn.”

Kàósárà ká ìró náà sókè. Ègé gèlè àtijọ́ ni màmá fi di ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó da lọ́fínńdà sí i. Lábẹ́ rẹ̀, egbò ti ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ lọ.

“Kò dùn yín ni?”

“Kò dùn mí púpọ̀. Mo rò pé yóò lọ.”

“Ẹ ò sì sọ fún mi.”

“Ọma mi, ìwọ nìkan lo ń wá. Bí o bá dé tán, kí n máa ka àìsàn fún ọ? Ẹ̀rín rẹ ni mo fẹ́ gbọ́.”

Kàósárà di ẹsẹ̀ náà mú.

“Màmá, ẹ̀rín ò ní tán lẹ́nu mi. Ẹ dìde, ẹ fara tì mí.”

Wọ́n dé ilé ìwòsàn ní Iléṣà lọ́jọ́ náà. Dókítà wò ó, ó mi orí. “Ká ní ó pẹ́ díẹ̀ sí i ni, odindi ẹsẹ̀ là bá gé.” Ìka kékeré kan ni wọ́n gé. Ẹsẹ̀ kù.

Bọ̀wálé ti Kánò wá. Orí ẹní ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

Nígbà tí màmá lè jókòó, Kàósárà mú fáìlì wá, ó ka ohun tó kọ sí i létí.

“‘Egbò bẹ̀rẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún.’ Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Rárá o. Bàtà tuntun ló há mi ní ìka. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.”

Kàósárà fa ìlà sí i, ó tún un kọ.

“Kí ló tún kù, Màmá?”

Màmá wo ọmọ rẹ̀. “Kọ ọ́ pé ilé mi ni mo fẹ́ padà sí. Kánò jìnnà. N kò fẹ́ lọ.”

Bọ̀wálé, tó ti ń di ẹrù ìyá rẹ̀ sílẹ̀ láti mú un lọ sí Kánò, dáwọ́ dúró.

“Kọ ọ́,” ni ó wí. “Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni kí o kọ ọ́.”

Ẹ̀yin àgbà wa, bí òṣìṣẹ́ bá wá wò yín, ẹ kí i, ẹ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ibi tó ń dùn yín àti ohun tí ẹ kò lè ṣe mọ́. Ẹ ní kó ka ohun tó kọ sí yín létí. Ẹ̀tọ́ yín ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó tún un kọ.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má da ọ̀rọ̀ àná kọ fún tòní. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí àti ohun tó yí padà. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ fáìlì yín wò, ẹ má bínú. Ojú kejì ni, ire ẹni tí ẹ ń tọ́jú ló sì ń wá.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, kó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, tàbí kí ẹnìkan bá a wò ó. Pé egbò kò dunni kò ní kó má ṣeni léṣe. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.