Ọwọ́ Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Kan Jọmílójú?

"Olè ni ẹ́, Tinúọlá! Olè paraku! O ti fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ wọ bàbá mi lára, o fẹ́ gba Jọmílójú mọ́ mi lọ́wọ́!"

"Èmi ni olè, Dádì Bólú? Ṣé èmi ni mo fẹ́ ta orúkọ ìyá tó bí yín fún àjèjì?"

Fọlábí lu tábìlì gbàmù. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nísàlẹ̀ dá iṣẹ́ dúró, wọ́n gbójú sókè sí fèrèsé ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ nínú ọgbà náà, láti ẹnu géètì tó kọjú sí títì Ọba Akran títí dé ibi tí wọ́n ti ń kun ọkọ̀. Ọkùnrin náà ò sì bìkítà. Ìtìjú ti kúrò lójú rẹ̀ tipẹ́, ohun tó sì ń gbèrò lọ́kàn lọ́jọ́ náà burú ju èébú lọ.

Àlàgbà Olúgbénró Akínfẹ́nwá, bàbá Fọlábí, ló dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, lẹ́yìn tó ti Èkìtì wá, tó ti fi ọdún púpọ̀ tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe ní Agége. Ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo ayé. Ọkọ̀ ọlọ́lá ni, ó rẹwà, eré rẹ̀ sì ń já àyà ẹni tí kò bá gùn ún rí. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé, ìyá Fọlábí, ni Bàbá fi sọ ọkọ̀ náà: Jọmílójú. Ní báyìí agbára ò sí mọ́. Bàbá ní òun yóò fi ilé-iṣẹ́ lé ẹni tó bá fi ọ̀nà tí Jọmílójú máa gbà lọ́jọ́ iwájú han òun, tó sì wọ òun lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ yìí ló da ilé rú.

Tinúọlá, ìyàwó Fọlábí, tó jẹ́ ẹ́ńjíníà, ní bátìrì ló kù. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ṣe Jọmílójú kan tí kì í mu epo rárá. Bàbá kọ́kọ́ yọ ṣùtì sí i. "Ọkọ̀ tí kò dún! Báwo làwọn èèyàn ṣe máa mọ̀ pé ẹni ńlá ló ń kọjá?" Ti Fọlábí yàtọ̀. Ó ní kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa, kí wọ́n ta orúkọ náà fún àwọn oníṣòwò òkèèrè kan, kí wọ́n máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ti ṣe parí nílùú tiwọn.

"Àwọn tó ń rán àga ọkọ̀ yìí ńkọ́?" Tinúọlá bi í. "Àwọn tó ń kùn ún? Àwọn tó bá bàbá yín bẹ̀rẹ̀?"

"Kí wọ́n lọ máa gé ẹran ní Oko Ọba! Ṣé èmi ni mo bí wọn? Ìwọ obìnrin yìí, wàhálà rẹ ti pọ̀ jù! Mo fi Ọlọ́run búra, o ò ní jókòó sórí àga bàbá mi láéláé!"

Ìgbà yẹn ni Jemimah wọlé. Àbúrò Tinúọlá ni, ọmọ ìyá kan náà. Tinúọlá ló rán an níwèé, tó gbà á sílé, tó sì bá a bẹ Bàbá kó tó di ẹni tó ń bójú tó ọkọ̀ títà.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá Bùrọ̀dá lóhùn mọ́. Ẹ mí kanlẹ̀. Ó máa dáa."

Ó ń fọwọ́ pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀dàlẹ̀ pọ́nńbélé! Ọwọ́ tó fi ń pa á lẹ́yìn yìí náà ló fi ń se oúnjẹ fún Fọlábí nínú ilé kan tí ọkùnrin náà gbà fún un ní Ọmọlé. Fọlábí ti ṣèlérí fún un pé tí òun bá ti lé Tinúọlá lọ, òun á gbé e níyàwó, wọn á sì jọ máa náwó Jọmílójú lókè òkun. Tinúọlá ò mọ nǹkan kan. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó ń nu omijé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Tinúọlá lọ bẹ Bàbá nílé. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kàn jókòó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Tí kò bá wù yín, màá dákẹ́." Bàbá kùn, ó rojú, ṣùgbọ́n ó wọ ọkọ̀. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó kàn ní kí wọ́n sọ fún Wòlíì ìjọ wọn pé ọkọ̀ tuntun yóò gba àdúrà lọ́jọ́ kejì.

Kò sí Jọmílójú kan tó ń gba ẹnu géètì náà jáde láìjẹ́ pé wọ́n gbàdúrà sí i. Ìdílé aláṣọ funfun ni ìdílé Akínfẹ́nwá. Gbogbo wọn á wọ sùtánà, wọ́n á bọ́ bàtà, Wòlíì Emmanuel á sì da omi àdúrà yí ọkọ̀ ká títí ilẹ̀ á fi tutù rinrin. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù á tó gbọ́wọ́ tiwọn lé e, tí wọ́n á sì ṣe àmín. Fọlábí mọ gbogbo èyí láti kékeré. Ó mọ ẹsẹ̀ lásán, ó mọ ilẹ̀ tútù, ó sì mọ ọwọ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ kan ọkọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkọ̀ dúró lágbàlá, wọ́n fa wáyà láti ara ògiri wá sínú rẹ̀ kí bátìrì lè kún. Nígbà tí orin bẹ̀rẹ̀, Fọlábí rìn lọ sídìí ògiri, ó tan iná sí wáyà náà. Ó ní òun ń ran ìyàwó òun lọ́wọ́. Ọkùnrin tí kò kí ìyàwó rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan!

Bàbá wò ó látòkè délẹ̀. "Fọlábí, kí nìyẹn lẹ́sẹ̀ rẹ? Bàtà? Nínú sùtánà?"

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, Bàbá. Mo fi nǹkan gún un."

"Láti ìgbà tí mo ti bí ọ, mi ò rí i kí o wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ yìí rí. Bọ́ ọ!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń ṣẹ̀jẹ̀."

Bàtà onírọ́bà tó nípọn ni. Jemimah ti fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó ní ooru ń mú òun. Wòlíì da omi, ó gbàdúrà, ó ní kí ẹni tó ṣe ọkọ̀ súnmọ́. Tinúọlá jáde láàárín èrò, ẹsẹ̀ lásán nínú omi, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí iwájú ọkọ̀. Kó tó kàn án, ó bojú wo ọkọ rẹ̀, bóyá yóò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i lónìí. Fọlábí wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì wolẹ̀.

"Dúró, ọmọ mi!" Bàbá ló di apá Tinúọlá mú. "Èmi ni mo fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé. Lánàá mo jókòó sínú rẹ̀, ó dà bíi pé ìyá Fọlábí ló ń gbé mi lọ. Lójú gbogbo ayé náà, ọwọ́ tèmi ni kó kọ́kọ́ kàn án."

Bàbá na ọwọ́.

"Bàbá! Ẹ má fọwọ́ kàn án! Iná wà lára ẹ̀! Bàbá, ẹ fi sílẹ̀!"

Fọlábí ló ké bẹ́ẹ̀. Ó ti fò dé, ó fa bàbá rẹ̀ sẹ́yìn tipátipá, àwọn méjèèjì ṣubú sínú omi. Orin dá.

Làsísì, tó ń ṣiṣẹ́ iná nílé-iṣẹ́ náà, mú tésítà, ó fi kan ara ọkọ̀. Gílóòbù tésítà náà tàn. Ó sáré lọ pa iná lára ògiri, ó tú ibi tí wáyà ti wọnú ọkọ̀. Wọ́n ti já wáyà tó yẹ kó gbé iná lọ sílẹ̀, wọ́n sì ti so èyí tí iná wà nínú rẹ̀ mọ́ irin ara ọkọ̀.

"Yéè!" Jemimah bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà. "Fọlábí, o parọ́ fún mi! O ní ọkọ̀ yẹn kàn máa kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ni! O ní ojú á kàn tì í ni, Bàbá á lé e lọ, àwa á sì ṣègbéyàwó! O ò sọ pé o fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n mi!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, aṣẹ́wó!"

"Èmi ni aṣẹ́wó? Ta ló gbalé fún mi ní Ọmọlé?"

Tinúọlá ò bá wọn pariwo. Ó kàn ń wo àbúrò rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀rẹ̀wẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ inú eegun.

Bàbá dìde, sùtánà rẹ̀ rin gbindin. "Ẹ pe ọlọ́pàá. Jemimah, jáde nínú ọgbà mi, má sì padà síbí. Fọlábí, orúkọ ìyá rẹ lo fẹ́ tà, ìyàwó rẹ lo fẹ́ pa. Ojú tì mí pé èmi ni mo bí ọ!" Ó yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. "Ẹ gbọ́ o! Tinúọlá ló ni ibí láti òní lọ. Ọ̀nà tó bá ní kí Jọmílójú gbà, ọ̀nà náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ta orúkọ, kò sì sẹ́ni tó máa wá iṣẹ́ lọ síbòmíràn."

Àwọn òṣìṣẹ́ hó yèè. Fọlábí fi eékún rìn nínú omi títí dé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, ó di etí sùtánà rẹ̀ mú.

"Tinú, foríjì mí. Ṣé o rí i, èmi náà ni mo pariwo! Èmi ni mi ò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀! Bá mi bẹ Bàbá, nítorí Bólúwatifẹ́, nítorí ọmọ wa!"

Tinúọlá rọra já aṣọ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òótọ́ ni, o pariwo. Ọwọ́ tèmi ló kọ́kọ́ ń lọ síbẹ̀, Fọlábí. Mo wo ojú rẹ, o wo tèmi, o sì dákẹ́."

Ibẹ̀ ni Fọlábí kúnlẹ̀ sí tí àwọn ọlọ́pàá fi wá mú un.