Àmì Láti Yàrá Kejì

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn tí wọ́n sin Bàbá Àwòdì, àmì rẹ̀ dé láti yàrá kejì bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni. Awòjì, obìnrin tó ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí iṣẹ́ wíwo ìjì, ti fi àmì tirẹ̀ sórí àwòrán, ó sì ti tì í pa kí ó má ṣeé yí mọ́. Nígbà náà ni àmì ẹnìkejì yọ lójú kọ̀ǹpútà: àgbélébùú kékeré kan tí apá òsì rẹ̀ gùn ju apá ọ̀tún lọ. Ó ti ń kọ ìyàtọ̀ àárín àmì méjèèjì sílẹ̀ kí ó tó rántí pé ẹni tí ń fa àgbélébùú bẹ́ẹ̀ ti wà lábẹ́ ilẹ̀.

Iṣẹ́ wọn ni láti wo àwòrán tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè, kí wọ́n wá ojú ìjì, ihò tí gbogbo afẹ́fẹ́ ìjì líle ń yí ká, kí àwọn ọkọ̀ òkun lè mọ ibi tí wọn yóò sá fún. Ojú ẹnì kan kì í tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ni pé ẹni méjì ni yóò máa wá a, ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹni àkọ́kọ́ kò sì gbọdọ̀ rí àmì ẹnìkejì kí ó tó ti tirẹ̀ pa. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹni àkọ́kọ́ ni yóò yan èyí tí yóò jáde.

Ìyàtọ̀ yẹn ni Awòjì àti bàbá náà fi ń bára wọn ṣẹ̀fẹ̀. Orí àwọsánmà nìkan ni àwòrán ń fi hàn, ìjì sì máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà mìíràn bí igi tí afẹ́fẹ́ ń tì, tí orí rẹ̀ á wà níhìn-ín, tí gbòǹgbò rẹ̀ á wà lọ́hùn-ún.

"Ọmọ mi," bàbá náà a sọ, "fìlà ni ìwọ ń wò. Èmi, ẹsẹ̀ ni mò ń wò."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Awòjì ti ní láti yàn láàárín àmì wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá náà jàre.

Awòjì lọ bá ọ̀gá wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló wà ní yàrá kejì?"

"Olú iléeṣẹ́ ní àwọn máa wá ẹni rọ́pò Àwòdì. Ó jọ pé wọ́n ti rí i." Ọ̀gá kò gbé ojú kúrò lórí ìwé. "Ọlọ́run fún ẹ ní olùrànlọ́wọ́, o tún fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ilẹ̀kùn wà ní títì, sà. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì yín."

"Ó dára náà. Kò ní sí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́."

Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, ó gbé etí lé e. Igi ilẹ̀kùn tutù ju ara ògiri lọ. Ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan, bí ẹnu kálàmù ṣe ń ha gíláàsì, ó ha lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ amúlétutù ni. Ẹni tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè gba ohun tí etí rẹ̀ bá sọ.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, àmì ń dé láràárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Nígbà gbogbo ni ó máa ń fi nǹkan bí àádọ́rùn-ún kìlómítà wà níwájú tirẹ̀, sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ìjì ń lọ. Awòjì wò ó títí, ó sì gbà pé ìjì náà ló tẹ̀: fìlà ni òun tún ń wò, bàbá tàbí ẹnikẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ ń wo ẹsẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin ni àbúrò rẹ̀ pè é láti orí òkun. Lẹ́yìn ikú ìyá wọn, òun ló tọ́ ọmọkùnrin náà. Ó pọ̀n ọ́n, ó rán an nílé ìwé, ó sì sunkún nígbà tó yan iṣẹ́ ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òkun láàyò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìjì yín yìí wà lójú ọ̀nà wa o. Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí n bi yín, ká yà ni àbí ká dúró?"

"Ìjì mi? Ṣé èmi ni mo bí i?"

"Ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ẹ̀ ju èmi lọ." Ó rẹ́rìn-ín.

Ó wo àmì méjèèjì. Bí tirẹ̀ bá tọ̀nà, ìjì kò tíì dé ọ̀nà ọkọ̀ náà, àfi kí wọ́n dúró. Bí ti yàrá kejì bá tọ̀nà, ìjì ti wà lójú ọ̀nà náà báyìí, yóò sì ti kọjá lọ kó tó di ọ̀sán. Ó yan ti yàrá kejì.

"Ẹ máa bọ̀," ó sọ. "Ẹ gba ẹ̀yìn ẹ̀ kọjá. Tó bá fi máa di aago méjìlá, ó ti lọ."

Ní aago mẹ́wàá, sátẹ́láìtì kejì kọjá, èyí tí í ríran wọ inú àwọsánmà bí ẹni ń rí egungun nínú ẹran. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ péré ni ó ń kọjá. Awòjì ṣí àwòrán náà. Ìjì náà dúró ṣánṣán. Gbòǹgbò rẹ̀ wà lábẹ́ orí rẹ̀ gan-an. Kò tẹ̀ síbì kankan.

Kí wá ni àmì yẹn?

Ó kó gbogbo àmì ọjọ́ mẹ́ta náà jáde, ó tò wọ́n sára wọn. Àmì yàrá kejì ti àárọ̀ bọ́ sórí tirẹ̀ ti ọ̀sán. Ti ọ̀sán bọ́ sórí tirẹ̀ ti ìrọ̀lẹ́. Kò sí èyí tó ṣìnà. Ẹni tó wà níbẹ̀ ti fi wákàtí mẹ́fà síwájú gbogbo wọn. Ibi tí ìjì yóò wà ni ó ń fi hàn; Awòjì ló kà á sí ibi tí ìjì wà. Ibẹ̀ ló sì ní kí àbúrò òun gbà kọjá ní ọ̀sán.

Ó pè, ó tún pè; aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú kí ìpè tó wọlé sínú ọkọ̀. Ariwo ló kọ́kọ́ gbọ́, bí ẹni ń fa páànù gba orí òkúta.

"A ti wà nínú ẹ̀," àbúrò rẹ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Omi ti ń wọ yàrá ẹ́ńjìnì. Ọ̀gá ọkọ̀ ní bó bá tètè kọjá, a lè fara dà á fún wákàtí kan, bóyá méjì. Ẹ sọ fún wa ìgbà tó máa kọjá, ẹ̀gbọ́n mi."

"Dúró dè mí. Má pa fóònù."

Ó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá kejì, ó kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, ó fi ẹnu sún mọ́ àlàfo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

"Bàbá," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Ẹ fi ìjì náà síbi tó jìnnà."

Kò mọ̀ bóyá ẹni tó kàn ń ríran ni òun ń bẹ̀, tàbí ẹni tó ń pàṣẹ. Kálàmù ha gíláàsì ní inú yàrá, díẹ̀díẹ̀, fún ìgbà pípẹ́.

Aago méjìlá lù. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó fi àmì tirẹ̀ sójú ìjì, ó tì í pa. Ó ń wo ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àgbélébùú máa ń yọ sí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wò ó títí kí ó tó rí i pé àmì ti dé. Ó bọ́ sórí tirẹ̀ gan-an, apá òsì rẹ̀ nìkan ló yọ síta.

Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn àga rẹ̀. "Ìyàtọ̀, òdo kìlómítà," ó kà á sókè, inú rẹ̀ dùn. "Láti ọjọ́ tí mo ti débí, n kò rí irú ẹ̀ rí. Ẹ̀yin méjèèjì ti wá di ojú kan ṣoṣo."

Awòjì ka wákàtí mẹ́fà síwájú. Láti ìsinsìnyí títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìjì náà kò ní kúrò lójú kan.

Ó gbé fóònù sí etí.

"Ẹ̀gbọ́n mi? Wákàtí mélòó?"

Ó fi ọwọ́ bo apá òsì àgbélébùú náà lójú kọ̀ǹpútà.

"Wákàtí kan," ó sọ.

"Wákàtí kan!" ó gbọ́ tí àbúrò rẹ̀ kígbe rẹ̀ sẹ́yìn, sáàárín ariwo. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ ohùn àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí, bí wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ara wọn láti ẹnu dé ẹnu, sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀: wákàtí kan, wákàtí kan, wákàtí kan.